Ọwọ́ Afúnni: Ìtàn Swami Sivananda, Dókítà Tó Fi Ayé Rẹ̀ Sin Aláìní

(Ọ̀rọ̀ tí a kà lórí rédíò fún àwọn ará Ìbàdàn)

  

Bí a bá dárúkọ Íńdíà nígboro Ìbàdàn, kí ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn? Ọ̀pọ̀ á ní sinimá ni, níbi tí ọkùnrin àti obìnrin ti ń fi orin bá ara wọn sọ̀rọ̀ lábẹ́ igi. Àwọn àgbà á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní òrùka ni. Ẹni tó bá gbọ́njú láàárín ọdún 1950 sí 1960 á rántí àwọn ọ̀dọ́ ayé ìgbà náà, àwọn ọmọ iléèwé tó fẹ́ yege ìdánwò àti àwọn akọ̀wé tó ń wá ìgbéga. Wọ́n á ra pósítà ọ́dà, wọ́n á fi í ránṣẹ́ sókè òkun, wọ́n á sì máa retí òrùka agbára, tùràrí àti ìwé awo. Báyìí ni Íńdíà ṣe di ilé oògùn lójú wa.

Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn tún wà tó ń gba inú lẹ́tà jáde ní Íńdíà nígbà náà, tí kì í ṣe oògùn. Ìwé ọkùnrin kan ni, ẹlẹ́sìn Híńdù, dókítà ìṣègùn tó fi iṣẹ́ àti owó oṣù sílẹ̀, tó wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn, tó sì jókòó sẹ́bàá odò Ganges, tó ń tọ́jú aláìsàn láìgba kọ́bọ̀. Swami Sivananda lorúkọ rẹ̀. Swami ni wọ́n ń pe ẹni tó bá ti fi ilé, ọrọ̀ àti ìdílé sílẹ̀ tọ Ọlọ́run lọ. Ìtàn rẹ̀ ni mo gbé wá lónìí, nítorí ó kan ohun kan tí àwa Yorùbá máa ń sọ, pé ọwọ́ afúnni ní í lékè. Ọkùnrin yìí fi gbogbo ayé rẹ̀ jiyàn pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ 8, oṣù September, ọdún 1887 ni wọ́n bí i ní abúlé Pattamadai, ní gúúsù Íńdíà, ní ilẹ̀ àwọn Tamil. Kuppuswami ni wọ́n sọ ọ́. Ìdílé Brahmin ni, àwọn tó wà ní téńté nínú ètò ẹ̀yà tí wọ́n fi ń pín ara wọn ní Íńdíà. Ẹ mọ̀ pé ní ìsàlẹ̀ ètò yẹn ni àwọn kan wà tí àwọn ará òkè kì í fọwọ́ kàn, tí wọn kì í bá jẹun, tí òjìji wọn pàápàá jẹ́ èèwọ̀ fún àwọn mìíràn. Nígbà tí Kuppuswami wà lọ́mọdé, ó fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń fi idà ṣeré. Ọ̀kan nínú àwọn ẹni ìsàlẹ̀ yẹn ló mọ eré náà. Ọmọ náà tọ̀ ọ́ lọ, ó ń kọ́ṣẹ́. Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi ń sọ fún un pé kò bójú mu kí ọmọ Brahmin máa pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní olùkọ́. Ó rò ó. Ó mú òdòdó àti aṣọ tuntun, ó gbé e síwájú ọkùnrin náà, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún un. Lójú tirẹ̀, ẹni tó kọ́ni ní nǹkan, olùkọ́ ẹni ni, ibi yòówù kí wọ́n bí i sí. Ẹ fi ìtàn yìí sọ́wọ́ kan ná, a óò tún fojú kàn án.

Nígbà tó dàgbà, ó lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn. Ní 1909 ó dá ìwé ìròyìn kan sílẹ̀ tó ń kọ́ àwọn èèyàn nípa ìlera. Ní 1913, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Malaya, èyí tó wà lára Malaysia òde òní. Kí ni dókítà Íńdíà ń wá lọ síbẹ̀? Ẹ rántí pé àkókò rọ́bà nìyẹn. Mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbilẹ̀ láyé, gbogbo ayé sì ń wá rọ́bà tí wọn yóò fi ṣe táyà. Àwọn òyìnbó gé igbó Malaya lulẹ̀, wọ́n gbin igi rọ́bà rẹpẹtẹ, wọ́n sì kó àwọn tálákà ilẹ̀ Tamil wá láti máa gé èèpo igi náà kí oje rẹ̀ lè máa ṣàn. Ibà ń pa wọ́n, aràn ń mu ẹ̀jẹ̀ wọn, ìgbẹ́ ọ̀rìn ń gbé wọn lọ. Ilé ìwòsàn irú oko rọ́bà bẹ́ẹ̀ kan, nítòsí ìlú Seremban, ni dókítà wa ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méje. Lẹ́yìn náà ó lọ sí Johore.

Ó rí owó níbẹ̀. Ó fẹ́ràn aṣọ tó dára, ó sì fẹ́ràn góòlù. Ṣùgbọ́n àwọn tó bá a gbé mọ̀ ọ́n sí ẹni tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í tì. Aláìsàn lè kàn án lóru, á dìde. Bí ara tálákà bá yá tán, tí kò sì rí nǹkan gidi jẹ tí yóò dá okun rẹ̀ padà, owó àpò dókítà ló máa fi ra oúnjẹ fún un. Ohun tó ń dà á láàmú ni pé àwọn kan náà ló ń padà wá. Ó wo ibà òní sàn, ibà ọ̀la dé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ara nìkan ló yẹ kí èèyàn máa tọ́jú. Ní 1923 ó kó gbogbo rẹ̀ jọ, ó padà sí Íńdíà. Nígbà tó dé, ó fi ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ nílé ọ̀rẹ́, ó sì bọ́ sójú ọ̀nà lẹ́sẹ̀ lásán.

Mo mọ ohun tí ẹ̀yin ìyá wa ń sọ níbi tí ẹ wà: "Ó gbé o! Dókítà! Kò níyàwó, kò bímọ, ó tún wá ń tọrọ jẹ!" Lójú Yorùbá, ọmọ ni iyì, ọmọ ní í sin ìyá àti bàbá. Àwọn ará Íńdíà náà kò fojú kéré ọmọ. Ní tiwọn pàápàá, ọmọkùnrin ló sábà máa ń dáná sun òkú bàbá rẹ̀. Ìdí rèé tí ẹni tó bá fẹ́ di swami fi máa ń ṣe ètùtù ìsìnkú ara rẹ̀ láàyè kó tó gba aṣọ aláwọ̀ ọsàn náà. Ó ti kú sí ilé rẹ̀. Gbèsè tó jẹ ìdílé kan ṣoṣo ti parí. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ilé ni ilé rẹ̀, aláìsàn tí kò ní ará sì di ará tirẹ̀.

Bó ti ń rìn kiri, ó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ kan ní ìlú kékeré. Dókítà tó ti ń pàṣẹ fún nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀ fún ọkùnrin yìí, ó ń dáná fún un, ó ń tọ́jú àlejò rẹ̀. Ọ̀gá náà ló júwe Rishikesh fún un, ìlú àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn ní ẹsẹ̀ òkè Himalaya. Ó débẹ̀ ní oṣù May, ọdún 1924. Ní ọjọ́ 1, oṣù June, àgbà swami kan, Vishwananda, fi í jẹ swami, ó sì fún un ní orúkọ Sivananda Saraswati.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣe lẹ́yìn èyí, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ọ̀pọ̀ ló ń lọ sí òkè yẹn láti sá fún ariwo ayé. Sivananda náà ń gbàdúrà, ó ń jókòó jẹ́ẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ó sì ń jẹ búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí ilé ìdáná àánú ń pín. Ṣùgbọ́n Rishikesh ni ojú ọ̀nà àwọn arìnrìn-àjò mímọ́ tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ojúbọ Badrinath lórí òkè. Wọ́n á dé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ti bó, pẹ̀lú ìgbẹ́ gbuuru, pẹ̀lú ibà. Àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ fúnra wọn ń ṣàìsàn nínú ahéré, kò sẹ́ni tó máa fún wọn lómi. Ní 1927, owó ìdójútòfò kan tó ti ń san látìgbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ti tó gbà. Ó fi dá díspẹ́ńsárì ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní Lakshman Jhula, lẹ́bàá odò.

Ó ròyìn ọjọ́ kan nínú ìwé tó kọ nípa ayé ara rẹ̀. Arìnrìn-àjò kan gba oògùn lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lọ. Lálẹ́, Sivananda rántí pé oògùn mìíràn wà tí ì bá sàn jù fún ọkùnrin náà. Kò lè sùn dáadáa. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tó fi gbéra lọ wá a. Ọkùnrin náà ti lọ! Sivananda mú oògùn náà dání, ó sì sáré tẹ̀lé e lórí òkè fún ọ̀pọ̀ máìlì títí tó fi bá a. Ẹ̀yin ará, dókítà wo ló ń sáré lé aláìsàn? Aláìsàn ló ń sáré lé dókítà.

Kí ló fà á? Ẹ̀kọ́ kan wà nínú ẹ̀sìn Híńdù pé Ọlọ́run ń gbé inú gbogbo ẹ̀dá, àti pé kí èèyàn ṣiṣẹ́ rẹ̀ láìwo èrè. Ẹ̀kọ́ náà ti pẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó sọ ọ́ di iṣẹ́ ọwọ́ láyé òde òní ni Swami Vivekananda ti Calcutta. Òun ló dá ẹgbẹ́ Ramakrishna Mission sílẹ̀ ní 1897, tí àwọn swami rẹ̀ ń pín oúnjẹ nígbà ìyàn, tí wọ́n sì ń gbálẹ̀ ìgboro nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú náà. Vivekananda ní bí Ọlọ́run bá wà nínú tálákà, a jẹ́ pé ẹni tó bá fún tálákà lóúnjẹ, ìsìn ló ń ṣe. Ta ni ó sì yẹ kó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kejì? Ẹni tó ń jọ́sìn ni, kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń jọ́sìn fún. Ojú ọ̀nà yìí ni Sivananda tọ̀.

Ìdí nìyí tó fi máa ń dọ̀bálẹ̀ fún ẹni gbogbo, olówó, òtòṣì, ọmọdé, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ pàápàá. Ọmọ tó dọ̀bálẹ̀ fún olùkọ́ tí wọ́n ní kí ó má fojú kàn ló dàgbà di arúgbó tó ń dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo ayé. Ẹni tó fẹ́ pa á pàápàá kò yọ sílẹ̀: ní January 1950, ọkùnrin kan yọ àáké sí i nínú gbọ̀ngàn àdúrà lálẹ́. Àáké náà kò rí i pa. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ gbá ọkùnrin náà mú, wọ́n pe ọlọ́pàá. Ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ó fún un ní èso àti ìwé, ó sì wá owó ọkọ̀ ojú irin tí yóò gbé e padà sílé.

Ní 1936 ni Sivananda dá ẹgbẹ́ Divine Life Society sílẹ̀ ní Rishikesh. Nígbà tó yá, ilé ìwòsàn ọ̀fẹ́ wà níbẹ̀, àwọn oníṣẹ́ abẹ ojú ń wá láti ṣiṣẹ́ abẹ fún àwọn arúgbó tí ojú wọn ń ṣú, ẹgbẹ́ náà sì ń tọ́jú àwọn tó ní àrùn ẹ̀tẹ̀ ní agbègbè Rishikesh. Ẹni tó tayọ jù lórí ìtọ́jú àwọn adẹ́tẹ̀ ni ọmọlẹ́yìn rẹ̀, Swami Chidananda. Ọmọ olówó ni. Kó tó wọ aṣọ swami ni ó ti kọ́ ahéré fún àwọn adẹ́tẹ̀ sí àyíká ilé bàbá rẹ̀, tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ wẹ egbò wọn. Chidananda ló rọ́pò Sivananda nígbà tó kú ní ọjọ́ 14, oṣù July, 1963, ó sì darí ẹgbẹ́ náà títí di 2008.

Iṣẹ́ mìíràn tí Sivananda ń ṣe ni ìwé. Ó kọ ìwé tó lé ní 200, ó sì ń fi wọ́n ránṣẹ́ nípa póòsì sí ẹni tó bá béèrè, láìka ibi tó ń gbé sí. Bí ìwé rẹ̀ ṣe dé Áfíríkà nìyẹn. Ní Durban, ní South Africa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a mọ̀ sí Swami Sahajananda dá ẹ̀ka ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1949. Ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti pín àwọn èèyàn sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ níbẹ̀, iléèwé àwọn aláwọ̀ dúdú sì burú jáì. Ẹgbẹ́ náà dára pọ̀ mọ́ àwọn ará abúlé, wọ́n ń kọ́ iléèwé lọ́pọ̀lọpọ̀ fún àwọn ọmọ Súlú. Wọn kò ní kí ọmọ kankan yí ẹ̀sìn rẹ̀ padà.

Ní Gánà ńkọ́? Àwọn òbí wa tó ṣòwò ní Accra àti Kumasi, kí òfin oṣù November 1969 tó lé wọn wálé, lè ti bá ọkùnrin kan kọjá lójú títì láìmọ̀ ọ́n. Wọ́n bí i ní 1937 ní Senya Beraku, abúlé etí òkun. Ìdílé abọ̀rìṣà ni, kí àwọn òbí rẹ̀ tó di Kìrìsìtẹ́nì. Ní 1962 ó dá ẹgbẹ́ àdúrà kan sílẹ̀ ní Accra, ó sì ń gba ẹ̀kọ́ láti Rishikesh nípa lẹ́tà. Òun fúnra rẹ̀ lọ sí Íńdíà nígbà tó yá. Ní 1975, Swami Krishnanand wá láti Íńdíà, ó fi í jẹ swami ní Accra, wọ́n sì dá ilé ìsìn Hindu Monastery of Africa sílẹ̀. Swami Ghanananda ni orúkọ tuntun rẹ̀. Ó ń darí ilé ìsìn náà títí tó fi kú ní January 2016. Nígbà tí àwọn ojúgbà rẹ̀ ń kọ̀wé sí Íńdíà fún òrùka, òun kọ̀wé, ó rí iṣẹ́ tí yóò fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a wálé wàyí. Ìbàdàn kì í ṣe àlejò sí irú iṣẹ́ yìí. Ní 1853, míṣọ́nnárì David Hinderer àti ìyàwó rẹ̀, Anna, wá gbé ní Kúdẹtì. Àwọn ọmọ ìlú tó ń gbé lọ́dọ̀ Anna ń pè é ní Ìyá. Nígbà tí ogun Ìjàyè dí ọ̀nà etíkun, tí nǹkan kò wọlé mọ́, ebi pa àwọn náà bó ṣe pa ará àdúgbò. Wọ́n ń ta ohun èlò inú ilé wọn kí wọ́n lè rí owó ẹyọ ra oúnjẹ fún ara wọn àti àwọn ọmọ náà. Kò sí ẹni tó wà lókè níbẹ̀. Gbogbo wọn jọ wà nílẹ̀ ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá kù sí nìyí. Àwa náà ń ṣe àánú. Ní Jímọ̀ọ̀, ẹ wo àwọn tó ń pín àkàrà àti ọrẹ owó lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sòótọ́. Ọ̀pọ̀ sàráà wa ló jẹ́ pé wàhálà tiwa ló bí i. Àlá kò dára, ọjà kò tà, ọmọ ń wá físà. Alfa tàbí wòlíì ní kí a fi ẹ̀wà tọrẹ. A gbé e jáde. A wá ọmọdé, a wá alágbe. Lójú wa, ẹni tó ń jẹ ẹ̀wà náà kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì. Ohun tí a ń lé lọ ló wà lọ́kàn wa. Bó bá jẹ ẹ́ tán, a ò mọ orúkọ rẹ̀, a ò mọ̀ bóyá ó rí nǹkan jẹ lọ́jọ́ kejì. N kò ní sàráà burú, àgàgà bó ṣe wà nínú ẹ̀sìn wa. Ẹni tí ebi ń pa kò béèrè ìdí tí ẹ̀wà fi dé. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọwọ́ tó bá lékè kì í rí ojú ẹni tó wà nísàlẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá tún ní àánú ẹnì kan kò lè rọ́pò ilé ìwòsàn ìjọba, mo gbà. Díspẹ́ńsárì Lakshman Jhula kò yí ètò ẹ̀yà padà, kò sì tán ìṣẹ́ ní Íńdíà. Ó yẹ kí a máa béèrè omi, oògùn àti iléèwé lọ́wọ́ àwọn tí a dìbò yàn. Ṣùgbọ́n kí ìjọba tó dé, aláìsàn wà níwájú ilé wa, ó ń mí.

Sivananda kò ní kí gbogbo èèyàn di swami. Ó kọ ọ̀rọ̀ fún onílé, onílẹ̀, oníyàwó. Ó ní kí wọ́n máa yọ ìdámẹ́wàá owó tó bá wọlé fún àánú, bí kọ́bọ̀ 10 nínú náírà kan, kí wọ́n sì máa fi ọwọ́ ara wọn ṣe iṣẹ́ kan tí wọn kò retí èrè níbẹ̀. Ìlànà yìí kò ṣàjèjì sí ẹ̀yin tí ẹ ń san ìdámẹ́wàá tàbí tí ẹ ń yọ sàká. Iṣẹ́ ọwọ́ ni ẹ jẹ́ kí n tẹnu mọ́. Bí a bá fẹ́ tọrẹ ní Ọjà'ba lọ́la, kí a béèrè orúkọ ẹni náà. Kí a béèrè ohun tó kù tí kò ní. Bí oògùn ni, kí a bá a dé ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́, kí a jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì títí wọn yóò fi pè é. Nọ́ọ̀sì tó bá ti fẹ̀yìn tì ní Bẹyẹrúnkà lè ya ìrọ̀lẹ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀, kó máa yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn arúgbó àdúgbò wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó mọ̀wé lè kọ́ ọmọ tí kò rówó iléèwé san. Bí a bá sì ṣe é tán, tí ẹni náà fẹ́ kúnlẹ̀ dúpẹ́, kí àwa náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí a ní, "Èmi ni mo dúpẹ́."